Fèrè Tó Ń Sọ̀rọ̀ Ni Mò Ń Wá: Oṣù Mẹ́ta Láàárín Àwọn Ẹgbẹ́ Ska

Àbúrò mi obìnrin ló kó mi sínú ọ̀ràn yìí. Mò ń fọ abọ́ lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí ó fi orin kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi èyí sétí. Ẹ fi akọrin sílẹ̀ o, ẹni tó ń fọn fèrè ni kí ẹ gbọ́." Mo nu ọwọ́, mo ki íàpíìsì bọ etí. "A Message to You, Rudy" ni, ti ẹgbẹ́ The Specials. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu kọrin, tróńbóònù kan ti wọlé. Kò sáré, kò pariwo, ó ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí àgbà tó mọ̀ pé wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ ìpàdé lẹ́yìn òun. Mo dá orin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Omi abọ́ tutù.

Mo ti fọn tróńpẹ́ẹ̀tì rí fún ọdún mẹ́ta, mi ò sì fọn ún dáadáa. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí kó níbẹ̀ ni pé etí mi mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń fọn fèrè àti ẹni tó ń fi fèrè sọ̀rọ̀. Òṣùwọ̀n tí mo fi wọn gbogbo ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ dárúkọ níbí nìyẹn. Bí a bá ní kí akọrin lọ mu omi, ṣé ẹnu ṣì kù lára orin náà? Àbí ìlẹ̀kẹ̀ lásán ni fèrè yẹn, tí wọ́n so mọ́ gìtá lọ́rùn kó lè dán?

Fún ẹni tí kò tíì bá ska pàdé: Jàmáíkà ló ti wá, ní ìparí àwọn ọdún 1950 bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Orin R&B Amẹ́ríkà ni àwọn ará Kingston ń jó sí nígbà náà, èyí tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò àti lórí àwo. Àwọn tó ní ẹ̀rọ amóhùndún ńláńlá, bíi Coxsone Dodd, Duke Reid àti Prince Buster, máa ń gbé e síta, wọ́n á máa bá ara wọn du èrò. Nígbà tí Amẹ́ríkà kọjú sí rock and roll, tí irú àwo tí àwọn ará Kingston fẹ́ràn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ní kí àwọn olórin ilé wá gba tiwọn sílẹ̀. Ohun tó jáde kò jọ ti Amẹ́ríkà mọ́. Ẹ ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Gìtá ska kì í bá yín tẹ orí ìkà. Àárín ìkà kan sí èkejì ló ń bọ́ sí: ká! ká! ká! ká! Béèsì ń rìn kiri nísàlẹ̀ bíi ti jazz. Ẹsẹ̀ ẹni á máa gbé fúnra rẹ̀ kí orí tó mọ̀. Orí èyí ni fèrè jókòó lé.

Mo kọ́kọ́ ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe. Mo tẹ "ska" sínú áàpù orin tí mo ń lò, mo ní kó kó èyí tó yára, tó sì ní fèrè púpọ̀ wá. Àádọ́ta orin ló kó fún mi. Mo jókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ méjì, mo sì ń fi bírò sàmì sí ìwé: mọ́kàndínlógún péré ni fèrè wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú ìyókù jẹ́ gìtá tó ń bínú. Reggae pọ́ńbélé wà níbẹ̀. Orin kan tilẹ̀ wà tí mi ò rí ìdí tó fi bá wọn dé. Áàpù yẹn mọ orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan, àmọ́ kò ní etí. Mo pa á tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ènìyàn lẹ́yìn. Ta ni ó fọn tróńbóònù tó jẹ́ kí omi abọ́ mi tutù?

Rico Rodriguez ni. Ibi tí ẹnu ti yà mí gan-an nìyí: orin tí The Specials gbà sílẹ̀ ní 1979 yẹn, Dandy Livingstone ló kọ́kọ́ kọ ọ́ ní 1967, Rico yìí kan náà ló sì fọn tróńbóònù sí ti àkọ́kọ́. Ọdún méjìlá kọjá, The Specials, àwọn ọmọdékùnrin ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ tún orin náà kọ, wọn ò wá ẹni tí yóò sín in jẹ. Ẹni tó ni ohùn náà ni wọ́n lọ pè. Mo gbọ́ méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn. Nínú ti 1967, ó ń fọn bí ẹni tó ń bá aládùúgbò ṣeré. Nínú ti 1979, èémí rẹ̀ ti gbòòrò sí i, ó sì ń fà á díẹ̀ ní ìparí gbólóhùn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe sí ètè afọnfèrè, ìṣẹ́jú mẹ́fà ti tó yín.

Rico ló mú mi dé Alpha. Alpha Boys' School, ní Kingston, ni ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì ń bójú tó nígbà náà, fún àwọn ọmọkùnrin tí kò ní olùtọ́jú tàbí tí apá ilé ò ká mọ́. Wọ́n ní ẹgbẹ́ afọnfèrè níbẹ̀. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sister Mary Ignatius, tó kú ní 2003, kó àwo orin jọ rẹpẹtẹ, ó sì máa ń lù ú fún àwọn ọmọ náà. Ibẹ̀ ni Don Drummond ti kẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni Tommy McCook, Johnny "Dizzy" Moore àti Lester Sterling ti kẹ́kọ̀ọ́. Rico náà jáde níbẹ̀, Drummond tó ṣáájú rẹ̀ díẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ́ ọ ní tróńbóònù. Ọgbà kan ṣoṣo. Mo ronú sí i títí: ká ní kò sí ẹni tó fún àwọn ọmọ yẹn ní fèrè, ta ni ì bá fọn ún fún àwọn Coxsone?

Mẹ́rin lára àwọn ọmọ Alpha yìí, McCook, Drummond, Moore àti Sterling, ló wà lára àwọn tó dá The Skatalites sílẹ̀ ní 1964. Ẹgbẹ́ yìí ni mo fi àkókò mi tó pọ̀ jù sí, mi ò sì tọrọ àforíjì. Àkójọ tí mo gbọ́ ni Foundation Ska, àwo méjì tó jáde ní 1997, tó kó àwọn orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún Coxsone jọ. Oṣù mẹ́rìnlá péré ni ẹgbẹ́ náà lò pọ̀ nígbà àkọ́kọ́, síbẹ̀ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ ó rò pé wọn kì í sùn. Nígbà tí akọrin kan bá sì wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Kingston lásìkò yẹn, àwọn gan-an náà ló sábà máa ń lu orin sí i lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún un kíákíá, kó má baà ya yín lẹ́nu. Ìgbohùnsílẹ̀ náà kò mọ́. Fèrè máa ń fọ́ létí níbi tó bá ti ga jù, ìlù sì jìnnà bí ìlù ilé kejì. Ẹ má fi ẹnu fóònù lásán gbọ́ ọ. Béèsì Lloyd Brevett á sọnù pátá, orin á sì dà bí ẹni tí kò ní ẹsẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì. Íàpíìsì tó dára díẹ̀ ló yí ọkàn mi padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Gbogbo fèrè á kọ́kọ́ fọn ọ̀rọ̀ orin náà pọ̀, ẹnu kan, ohùn kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tú ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan á bọ́ síwájú wá sọ tirẹ̀: McCook pẹ̀lú sásófóònù tẹ́nọ̀, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí adájọ́, Roland Alphonso, sásófóònù tẹ́nọ̀ kejì, tó dùn létí ju ti McCook lọ, tó sì máa ń rẹ́rìn-ín láàárín ọ̀rọ̀, Moore pẹ̀lú tróńpẹ́ẹ̀tì, kúkurú, ṣókí, ó ti jókòó padà. Wọ́n á wá pa dà sí ẹnu kan náà, orin á tán, ìṣẹ́jú mẹ́ta kò pé. Lloyd Knibb nídìí ìlù ló ń dà wọ́n bí ẹran, kò sì jẹ́ kí ọ̀kankan yà. Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, ẹ mú "Guns of Navarone", tí wọ́n mú láti inú orin fíìmù. Ọ̀rọ̀ orin náà kì í ṣe tiwọn, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi tètè rí ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe sí i. Orin ogun ni, àwọn sọ ọ́ di orin ìrìn-gbẹ̀rẹ̀ ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi.

Don Drummond ló yàtọ̀. Gbogbo ènìyàn yòókù ń yọ̀; òun kò yọ̀. Gìtá ń ta, ìlù ń sáré, àwọn èèyàn á máa jó, tróńbóònù rẹ̀ á wọlé pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń rántí nǹkan kan. "Eastern Standard Time" ni kí ẹ fi dán an wò. Mi ò mọ orin ijó mìíràn tí ìbànújẹ́ jókòó sí àárín rẹ̀ báyìí tí ijó kò sì bàjẹ́. Ìtàn ayé rẹ̀ kò dára. Ọpọlọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ January 1965 ó pa olólùfẹ́ rẹ̀, Anita Mahfood, oníjó tí gbogbo Kingston mọ̀ sí Margarita. Wọ́n fi í sí ilé ìwòsàn àwọn aláàárẹ̀ ọpọlọ, Bellevue, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1969. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a láre nítorí pé ó mọ fèrè fọn. Margarita náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣe: ó jó, ó sì kọrin, ó gba orin tirẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá ń gbọ́ Drummond báyìí, obìnrin náà ni mo máa ń rántí ṣáájú. Ẹgbẹ́ náà tú ká ní 1965 kan náà. Nígbà tó fi máa di 1966, Jàmáíkà ti dẹ ìlù sílẹ̀ sí rocksteady, èyí tí reggae ti inú rẹ̀ jáde.

Èyí tó kàn ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ fún mi. Jerry Dammers, tó ń tẹ dùrù fún The Specials, ló dá ilé iṣẹ́ àwo 2 Tone sílẹ̀ ní Coventry ní 1979. Dúdú àti funfun nínú aṣọ, nínú àmì ilé iṣẹ́, nínú ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, nígbà tí àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń yan kiri ojú títì. Elvis Costello, olórin Gẹ̀ẹ́sì, ló darí ìgbohùnsílẹ̀ àwo The Specials àkọ́kọ́. Àwo tó dára ni, ó yára, ó ní ìbínú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: bó bá jẹ́ fèrè lẹ wá, ẹ ò ní rí i nínú gbogbo orin ibẹ̀. Níbi tí Rico pẹ̀lú Dick Cuthell, afọnfèrè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bá ti wọlé ni ilé máa ń mọ́lẹ̀. Ibi tí mo ti rí wọn dáadáa jù ni "Ghost Town" ti 1981, tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí rògbòdìyàn ń jó ìlú wọn. Kì í ṣe orin ayọ̀ rárá, mo mọ̀, ẹ̀yin tó fẹ́ èyí tó ta sánsán lè fò ó. Èmi ò lè fò ó. Fèrè ibẹ̀ dún bí ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé tí gbogbo ará ibẹ̀ ti kó lọ.

Madness tètè dùn, ó sì tètè tán létí mi. Prince Buster ni wọ́n jẹ́ ọmọlẹ́yìn fún: orin rẹ̀ kan ni wọ́n ti mú orúkọ ẹgbẹ́, òmíràn ni wọ́n ti mú orúkọ àwo wọn àkọ́kọ́, One Step Beyond, ti 1979. Lee Thompson ló ń fọn sásófóònù wọn, ohùn rẹ̀ wọ́, ó dọ̀tí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo fídíò "Baggy Trousers" níbi tí wọ́n ti fi okùn gbé e sókè sánmà, tó ń fọn sásófóònù níbẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Fún ọmọdé inú ilé, kò sí èyí tó dára jù ú. Fún mi, orin méjì tàbí mẹ́ta, ó tó.

The Beat ti Birmingham ni mo fẹ́ kí ẹ má ṣe fò. Àwọn ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, àfi Saxa, asásófóònù wọn, ọmọ Jàmáíkà tí a bí ní 1930. Ó ti fọn fèrè pẹ̀lú Prince Buster rí kí àwọn ọmọ yìí tó mọ ohun tí ska ń jẹ́. Nínú I Just Can't Stop It, ti 1980, ẹ ó gbọ́ gìtá àwọn ọmọdé tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, Saxa á wá fi sásófóònù kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ lórí wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á gbọ́. Fèrè kan ṣoṣo o! Ibí yìí ni mo ti mọ̀ pé iye fèrè kọ́ ni mò ń wá.

The Selecter kì í ṣe ẹgbẹ́ fèrè; dùrù ló ń ṣe iṣẹ́ fèrè fún wọn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọn ò yẹ kí wọ́n wà nínú àyẹ̀wò yìí. Àmọ́ àbúrò mi ní bí mi ò bá dárúkọ Pauline Black, akọrin wọn, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, torí ọmọ Yorùbá ni baba tó bí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó ló gbà á tọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dàgbà kó tó tọ orírun rẹ̀ dé ibẹ̀. Mo ti dárúkọ rẹ̀ o. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń gé ọ̀rọ̀ lẹ́nu nínú àwo wọn, Too Much Pressure, ẹ ó rí i pé ìdílé ni í bá ni í lọ.

Ìjà wa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a dé Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ọkàn àbúrò mi wà. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n da ska pọ̀ mọ́ punk, orin gìtá aláriwo, níbẹ̀, wọ́n tì í sáré, wọ́n sì kó fèrè kún un. Ó fi orin ogún ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ kan. Mo gbọ́ mẹ́jọ, mo ní kó jẹ́ kí n sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ń darúgbó ni," ó ní. "Ẹ fẹ́ kí gbogbo orin máa rìn bí ẹni tó ń lọ síbi ìsìnkú."

Mo ní, "Mi ò ní kó má sáré. Bó bá ń sáré, kó ṣáà mọ ibi tó ń lọ."

Ẹ̀sùn mi kò le. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, fèrè kàn máa ń dúró de ègbè ni. Gìtá á ṣe ohun tó fẹ́, akọrin á pariwo, nígbà tí ààyè bá ṣí sílẹ̀, fèrè mẹ́ta á jọ ké "páà-pa-pa-páà", wọ́n á tún pa ẹnu mọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Less Than Jake, ti Gainesville ní Florida, ni mo kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn yìí kàn, àbúrò mi sì ní mi ò gbọ́ àwo wọn, Hello Rockview, ti 1998, dé ìdí. Mo tún padà gbọ́ ọ. Ó dùn nígbà tí mo ń gbálẹ̀. Nígbà tí mo jókòó, kò dùn mọ́. Ẹ bá mi dá ẹjọ́ ìyẹn.

The Mighty Mighty Bosstones sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn akọrin wọn dà bí ti ẹni tó ń jẹ òkúta, ìdí nìyẹn tí fèrè fi ní iṣẹ́ gidi láti ṣe: òun ló ń gbé adùn wá. Nínú "The Impression That I Get", láti inú Let's Face It ti 1997, fèrè ni ẹ ó máa kùn lẹ́nu lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀. Wọ́n tún ní ọkùnrin kan, Ben Carr, tí kì í lu nǹkan kan. Ijó ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo wo fídíò wọn mélòó kan, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́; ẹni tó ń jó yẹn ló ń sọ fún èrò ibi tí ìlù wà. Wọ́n tú ká ní 2022.

Reel Big Fish ti California jẹ́ aláwàdà, fèrè wọn sì mọ àwàdà. Nínú "Sell Out", wọ́n ń fi ara wọn àti àwọn oníṣòwò àwo ṣe yẹ̀yẹ́, fèrè náà sì ń dún bí ẹni tó ń fi ènìyàn rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ, mo gbà. Gbogbo àwo kan lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ jù fún mi.

Streetlight Manifesto ló borí mi, mo sì ní láti pe àbúrò mi láago kí n jẹ́wọ́. New Jersey ni wọ́n ti wá, Everything Goes Numb, ti 2003, ni àwo wọn àkọ́kọ́. Wọ́n yára ju gbogbo àwọn tí mo ti ń bú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí sásófóònù, tróńpẹ́ẹ̀tì àti tróńbóònù ṣe ń dá ara wọn lóhùn: èyí sọ gbólóhùn, ìyẹn já a gbà lẹ́nu rẹ̀ kó tó parí, ẹ̀kẹta ń ta kò wọ́n nísàlẹ̀. Fèrè kò dúró de ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ orin wọn pọ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ sọ gbogbo ìbànújẹ́ ayé rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, ó sì lè sú ènìyàn. Mo gbọ́ àwo náà lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀ kan. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí tí fóònù fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni kí n sọ fún ẹni tó fẹ́ ayọ̀ àti fèrè, tí kò sì fẹ́ wàhálà, Jàpáànù ni màá rán an lọ. Tokyo Ska Paradise Orchestra ti wà láti 1985. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ni wọ́n báyìí, kóòtù wọn bára mu, bàtà wọn ń dán, mẹ́rin nínú wọn ló sì ń fọn fèrè: tróńpẹ́ẹ̀tì, tróńbóònù, sásófóònù tẹ́nọ̀, àti sásófóònù bárítóònù tí Yanaka Atsushi gbé dání, irin ńlá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ọmọ ọdún méje. Ẹni tó ń fọn bárítóònù nínú ẹgbẹ́ ska, bí ọ̀pá tó di òrùlé mú ló rí: ẹ ò ní kíyè sí i, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ wá wò ó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ́wọ́ wọn ni pé ọ̀pọ̀ orin wọn kò ní ọ̀rọ̀. Kò sí akọrin tí à bá ní kó lọ mu omi. Fèrè ló ń ṣí i, fèrè ló ń tì í, gbogbo wọn sì ń fò sókè lórí ìtàgé pẹ̀lú irin yẹn lọ́wọ́ láìṣi ohùn kan fọn. Èmi tí mo ti fọn fèrè rí, mo mọ ohun tí ìyẹn ń gbà. Ká jókòó fọn ún gan-an, iṣẹ́ ni.

Ẹ wo fídíò "Paradise Has No Border" kí ẹ tó gbọ́ àwo kankan. Wọ́n ti pọ̀ jù lórí àwo, ìyẹn ni àléébù wọn: ènìyàn ò mọ ibi tí yóò ti mú un. Nígbà tí wọ́n bá sì pe àlejò akọrin wá, fèrè máa ń tẹríba fún àlejò ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wá èyí tí kò ní ọ̀rọ̀.

Àwọn tó kù, mo máa kọjá kíákíá. The Slackers ti New York, láti 1991, fún alẹ́ tó ti pẹ́. Tróńbóònù wọn dára, wọn kì í sáré. Hepcat ti Los Angeles, Right on Time ti 1998, ohùn akọrin dùn bí oyin, fèrè sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìyá mi ní òun fẹ́ràn rẹ̀, kì í sì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ohunkóhun tí mo bá lù. The Interrupters, tí àwọn áàpù máa ń kó fún gbogbo ẹni tó bá ti tẹ "ska", wọ́n mọ orin kọ, wọ́n ní agbára, ṣùgbọ́n gìtá ni wọ́n, wọn ò ní afọnfèrè tiwọn nínú ẹgbẹ́. Ẹ má lọ bínú sí wọn nítorí ohun tí wọn ò ṣèlérí. Desorden Público ti Caracas ṣì wà ní ìdajì létí mi, màá padà sọ́dọ̀ wọn.

Ọgbọ́n kékeré kan tó ràn mí lọ́wọ́: ẹ má wá orúkọ irú orin, orúkọ afọnfèrè ni kí ẹ wá. Ẹ wo ẹ̀yìn àwo, tàbí ibi tí áàpù kọ orúkọ àwọn tó lu orin sí, bó bá ní irú ibẹ̀. Rico mú mi dé Drummond, Drummond mú mi dé McCook. Saxa mú mi padà sọ́dọ̀ Prince Buster. Áàpù kì bá ti ṣe é fún mi láé.

Ní àárọ̀ yìí, àbúrò mi tún fi òmíràn ránṣẹ́. JER ni orúkọ, ẹni tó ń ṣe Skatune Network lórí YouTube, níbi tó ti máa ń sọ orin àwọn ẹlòmíràn di ska, tó sì ń fọn èyí tó pọ̀ jù nínú fèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó kó wọn pọ̀. Bothered / Unbothered, ti 2022, ni àwo náà. Orin kẹta ni mo dé. Tróńbóònù wà níbẹ̀, ó sì ń sọ nǹkan kan, àmọ́ mi ò tíì gbọ́ ọ yanjú, torí ẹnì kan ń pè mí pé abọ́ ti kún ibi ìfọbọ́ ní ilé ìdáná.